Bí ẹ ṣe lè kó gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jọ lórí ètò ìtọ́jú àgbàlagbà ládùúgbò, kó má parí sí ìrẹsì àti fọ́tò

Ẹ ti rí irú ìpàdé yìí rí. Wọ́n na kánópì síwájú gbọ̀ngàn, wọ́n gbé báńà kọ́: "Ìpàdé Àwọn Tí Ọ̀rọ̀ Kàn Lórí Ìtọ́jú Àwọn Àgbà." Aṣojú ṣiamáànù sọ̀rọ̀, aṣojú aṣojú náà sọ̀rọ̀. Nígbà tó di aago méjì, wọ́n pín ìrẹsì, wọ́n ya fọ́tò, oníkálukú gbọ́nṣọ nù. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá arúgbó tó wà nílé kẹta sí gbọ̀ngàn ọ̀hún ṣì ń retí kí ọmọ rẹ̀ ti Ìdúmọ̀tà dé kó tó rí ẹni mú un lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Èmi náà ti pe irú rẹ̀ rí. Mo jẹ́ akọ̀wé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ládùúgbò kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, a pe ọgọ́ta èèyàn, wọ́n sì lé ní àádọ́ta tó wá. Inú mi dùn títí mo fi jókòó ka ìwé ìforúkọsílẹ̀ nílé lálẹ́. Olóyè wà níbẹ̀, pásítọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta ilẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó ń wẹ arúgbó.

Ìtọ́jú tí mò ń wí kì í ṣe ti ibà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ méjì lé lọ. Ti ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni: ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú, ẹni tó ti ń ṣarán tó ń ṣílẹ̀kùn jáde lóru, ẹni tí orúnkún kò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ó lè gba ọdún mẹ́ta, ó lè gba mẹ́wàá. Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹbí, àdúgbò àti kánsù jọ gbé ètò kalẹ̀ lórí irú wọn, ọ̀nà tó ti ṣiṣẹ́ fún wa rèé, pẹ̀lú ibi tí a ti ṣubú.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Èèyàn méjì tí yóò máa darí ẹ̀, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ọkùnrin nìkan kò lè wọ yàrá ìyá àgbà lọ bá a sọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀.
- Oṣù márùn-ún sí mẹ́fà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹta, kí ìwé yín lè wà lọ́wọ́ kánsù kí oṣù Kẹjọ tó parí. Oṣù Kìíní sí Ìkejìlá ni ọdún ìnáwó ìjọba. Ẹni tó bá gbé ìwé lọ lóṣù Kọkànlá ti bá ọjà tú.
- Ìwé àjákọ méjì: ọ̀kan fún iye, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn.
- Yàrá kan nísàlẹ̀ ilé, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò jìnnà sí i.
- Ẹni tó gbọ́ èdè àwọn tó wà ládùúgbò. Ní Màkókó, ẹ wá ẹni tó gbọ́ Ègùn. Ní Obáléǹdé, ẹni tó gbọ́ Hausa. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló máa ń padà sí èdè ìyá rẹ̀ tí ara bá ti ń rẹ̀ ẹ́.
- Owó ọkọ̀, owó omi, àti owó adelé. Gbogbo èèyàn ló máa ń gbàgbé ìkẹta yìí. Mo máa ṣàlàyé ẹ̀ ní ìpele kẹrin.

Ẹ má tíì lọ tẹ báńà o.

1. Ẹ sọ ìbéèrè yín di kékeré

"Àtúnṣe ìtọ́jú àgbà ní Èkó" kì í ṣe ẹrù orí yín. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 àti LCDA 37 (ìjọba kékeré tí ìpínlẹ̀ yọ láti ara ìjọba ìbílẹ̀) ló wà ní Èkó. Ẹ mú òpópónà mẹ́fà péré. Kẹ́ ẹ wá bi ìbéèrè tó ní wákàtí àti owó nínú. Tiwa nìyí: "Ẹni tí kò lè dá dìde mọ́ ládùúgbò yìí, ta ló ń wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti aago méje àárọ̀ sí méje alẹ́, owó ta ni wọ́n sì ń ná?"

Àwọn èèyàn á máa fi gọ́tà, tiransifọ́mà àti àwọn ọmọ tó ń mugbó kún un. Ẹ má jiyàn. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ padà sórí ìbéèrè.

Kẹ́ ẹ tó kúrò ní ìpele yìí: ẹ ní kí alákàrà, ọlọ́kadà àti lándílọ́ọ̀dù kan tún ìbéèrè náà sọ lọ́rọ̀ ara wọn. Tí ẹnì kan nínú wọn bá ní, "Ṣé ẹ fẹ́ pín owó ni?", ẹ tún un là.

2. Ẹ ka àwọn tó wà nínú ilé

Ẹ rìn láti ojúlé dé ojúlé. Orúkọ tí ẹ gbà ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ ti àwọn tó ṣì lè rìn débẹ̀.

Ní Erékùṣù Èkó, ẹ gun àtẹ̀gùn dé òkè pátápátá. Ìsàlẹ̀ ilé ti di ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìkẹ́rùsí, nítorí owó tó ń wọlé lórí yàrá tí wọ́n kó aṣọ ankara sí ju ti yàrá tí èèyàn ń sùn lọ. Àwọn àgbà ló wá lọ bá ara wọn lókè. Ní àjà kẹta ilé kan, a bá ìyá kan tó so ìborùn mọ́ irin fèrèsé, òun ló ń dì mú tó bá fẹ́ dìde lórí ibùsùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìborùn yẹn ni okùn kan wà, agbọ̀n kékeré kan sì wà nídìí okùn. Láràárọ̀, ó máa sọ agbọ̀n náà kalẹ̀ pẹ̀lú owó nínú, ọmọbìnrin tó ń kiri búrẹ́dì á mú owó, á fi búrẹ́dì sí i, ìyá á sì fà á sókè. A bi ọmọ oníbúrẹ́dì yẹn ní ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó ní ìyá kì í fa agbọ̀n yára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Àwọn ọmọ ìyá náà kò mọ̀.

Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ àjà ilé tó wà, ọjọ́ orí rẹ̀ bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, ẹni tí ẹ bá lọ́dọ̀ rẹ̀ ní wákàtí yẹn gan-an, àti ohun mẹ́fà tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń wò: ṣé ó lè dá wẹ̀, dá wọṣọ, dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, dá dìde lórí ibùsùn, mú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró, dá jẹun?

Ẹ má béèrè pé "Ṣé ẹ nílò ìrànlọ́wọ́?" Ọmọ Yorùbá wo ló máa dá àlejò lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni? "A dúpẹ́, Ọlọ́run ń ṣe é" ni ẹ máa gbọ́. Ẹ béèrè pé, "Mà, ta ló bá yín pọnmi gòkè lánàá?" Ẹ wá dákẹ́.

Ìkìlọ̀ tó ná wa ní ilé kan: ọ̀kan lára àwa tó ń rìn ya fọ́tò ojú ewé náà, ó jù ú sínú WhatsApp àdúgbò. Ọmọ ìyá kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù rí orúkọ ìyá rẹ̀ níbẹ̀, àti pé kò lè mú ìtọ̀ dúró. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa títí di òní, wọn kò sì jẹ̀bi. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka ọ̀rọ̀ àìlera sí àṣírí tó gba ìṣọ́ra gan-an. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ lò dípò orúkọ, kí ìwé tí orúkọ wà nínú ẹ̀ máa gbé lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ lọ bá oníkẹ́míìsì àdúgbò àti ẹni tó ń kiri búrẹ́dì tàbí omi. Tí wọ́n bá dárúkọ àgbà kan tí kò sí nínú ìwé yín, ìkànìyàn kò tíì parí. Ó dìgbà tí àwọn méjèèjì kò bá rí ẹni tuntun dárúkọ mọ́.

3. Iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi kọ orúkọ, ẹ fi oyè sílẹ̀ ná

Ìbéèrè tó ń tú gbogbo rẹ̀ rèé: "Ta ló gbé póò jáde láàárọ̀ yìí?" Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ ni kó ṣáájú. Lẹ́yìn náà: ta ló ra oògùn, ta ló fi owó ránṣẹ́, ta ló gbé e lọ sí jẹ́nẹ́rà nígbà tó dákú, ta ló ni yàrá, ta ló ní òǹtẹ̀ lọ́wọ́?

Tí ẹ bá tẹ̀lé póò yẹn dáadáa, ẹ máa bá àwọn tí báńà kò pè rí pàdé. Ọmọbìnrin tó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Aya ọmọ. Ọmọ ọ̀dọ̀ ọdún mẹ́tàdínlógún tí wọ́n mú wá láti abúlé pé kó wá máa "ran màmá lọ́wọ́". Bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún tó ń tọ́jú ìyàwó rẹ̀, tí ojú ń tì láti sọ ọ́ torí pé iṣẹ́ obìnrin ni wọ́n pè é. Olùtọ́jú tí ẹ́jẹ́ǹtì rán wá, àti ẹ́jẹ́ǹtì fúnra rẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ Máruwá tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé arọ wọ kẹ̀kẹ́. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé. Oníṣọ́ọ̀bù tó háyà ìsàlẹ̀ ilé. Ọmọ oníbúrẹ́dì. Àwọn ọmọ tó wà ní Àbújá àti Kánádà, tí wọ́n ní owó, tí wọ́n sì ní ohùn gan-an nínú ọ̀rọ̀ tí wọn kò fojú rí.

Àgbàlagbà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rín ni, àmọ́ mo ti rí àkọsílẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ìtọ́jú àgbà tí kò sí orúkọ àgbà kan tó ń gba ìtọ́jú nínú rẹ̀.

Àwọn olóyè, ìyálọ́jà, lémọ́ọ̀mù, pásítọ̀ àti kaǹsílọ̀, ẹ lọ kí wọn nílé kí ìwé náà tó jáde. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ má rìn wọ òpópónà láìsọ fún ìgá, ìyẹn ààfin olóyè, tó ni ibẹ̀. Wọ́n lè tú u ká lọ́rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n kíkí yàtọ̀ sí gbígbé ìpàdé lé wọn lọ́wọ́. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ gba àdúrà, ẹ máa lọ.

Ẹ fi ọwọ́ bo oyè tó wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo orúkọ tó kù, ṣé ìdajì wọn fi ọwọ́ kan ara arúgbó lọ́sẹ̀ tó kọjá? Tí kò bá tó ìdajì, ìwé ìpè òde ìgbéyàwó lẹ kọ.

4. Ẹ jókòó ní kéékèèké kí ìpàdé ńlá tó wáyé

Ẹ fara balẹ̀ síbí yìí, torí ibí ni gbogbo ẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ kì í jáde ní ìpàdé ńlá. Ìyá kò ní í sọ lójú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé pámpáàsì kan ṣoṣo lòun ń wọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ torí pé ó wọ́n. Ọmọ ọ̀dọ̀ kò ní í sọ lójú mádáàmù pé ẹ̀yìn ń dun òun, pé bàbá wúwo. Aya ọmọ kò sì ní í sọ lójú ìyá ọkọ pé ó ti sú òun.

Èèyàn márùn-ún sí mẹ́jọ, àwọn tí ipò wọn dọ́gba. Ìyá àgbà lọ́tọ̀, bàbá àgbà lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ àti aya ọmọ. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ àti olùtọ́jú tó ń gbowó. Lándílọ́ọ̀dù, ẹbí tó nilé àti oníṣọ́ọ̀bù. Nọ́ọ̀sì àti oníkẹ́míìsì. Àwọn tó wà lókè òkun, ẹ pè wọ́n lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ dára ju ọ́fíìsì lọ. Èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń rí nǹkan ṣe.

Ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ àti àkókò. Jímọ̀ ọ̀sán kò ṣeé ṣe fún Mùsùlùmí, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kò ṣeé ṣe fún onígbàgbọ́, ọjọ́ Sátidé kò sì ṣeé ṣe fún ẹni tó ń tajà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló bá tiwa mu.

Owó adelé wá dà? Nígbà àkọ́kọ́, a pe obìnrin mẹ́sàn-án tó ń tọ́jú ìyá tàbí bàbá wọn. Méjì ló wá. Àwa ń bínú pé wọn kò kà á sí. Ọ̀kan nínú àwọn tí kò wá ló là wá lójú pé, "Ẹ ní kí n wá sọ bó ṣe jẹ́ pé mi ò lè jáde, ta lẹ fẹ́ kó dúró ti màmá kí n tó jáde wá sọ ọ́?" Nígbà kejì, a san owó fún obìnrin méje tí àwọn ìyá àgbà yẹn mọ̀ dáadáa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì wà nínú wọn, pé kí wọ́n lọ ṣe adelé fún wákàtí mẹ́ta. Iye tí obìnrin kan lè gbà láti fi ìdajì ọjọ́ ọjà rẹ̀ sílẹ̀ la san. Àwọn mẹ́jọ ló wá. Ọ̀kan sùn lọ lórí àga kí a tó ṣe àdúrà tán. A fi í sílẹ̀ kó sùn.

Ohun tí ẹ máa béèrè kò pọ̀:

- "Ẹ sọ ti àná fún wa, láti ìgbà tí ẹ jí."
- "Kí ló máa ń bà yín lẹ́rù jù lálẹ́?"
- "Kí lẹ ti gbìyànjú tí kò ṣiṣẹ́?"
- "Tẹ́ ẹ bá ní wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀ tí ẹlòmíì máa dúró tì wọ́n, kí lẹ máa fi ṣe?"

Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Tí obìnrin bá ní "ó ti sú mi", ẹ má lọ kọ "àwọn ìpèníjà tó so mọ́ ìtọ́jú".

Ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan máa wí i pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Gbogbo ilé á dákẹ́, orí obìnrin méjì mẹ́ta á sì tẹ̀ ba. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kú síbẹ̀. Èmi máa ń fèsì pé, "Òótọ́ ni, sà. Ọmọ wo nínú àwọn mẹ́fà, láti aago mélòó sí mélòó?" Ìgbà yẹn ni ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ti ń ṣarán náà ní ohùn. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀, kí ẹni tó fọkàn tán wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ bi í ní ohun kúkúrú: "Ta lẹ fẹ́ kó máa wẹ̀ yín, mà?" Ìyá kan tí kò rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ dá wa lóhùn kíá: "Kì í ṣe ọkùnrin."

Tí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ń na àgbà tàbí pé wọ́n ń dè é mọ́ ibùsùn, ọ̀rọ̀ yẹn ti kúrò ní ti ìpàdé. Ẹ má sọ ọ́ níwájú ẹgbẹ́. Òfin Èkó tó lòdì sí ìwà ipá nínú ilé ti wà láti 2007, DSVA ni àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó irú ẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ nǹkan? Ẹ ka ìwé kejì yín. Tí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ ohun tí ẹ̀ bá ti kọ kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀, àwọn ló gbọ́. Ẹ padà lọ.

5. Ọjọ́ ìpàdé ńlá

Ẹ má gbé tábìlì àwọn èèyàn pàtàkì síwájú rárá. Ẹ to àga yípo. Àga rọ́bà tó ní apá ni kẹ́ ẹ háyà fún àwọn àgbà. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò lè dìde lórí èyí tí kò ní apá láìsí pé ẹnì kan fà á. Kí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Adelé tún gbọ́dọ̀ wà nílé lọ́jọ́ yẹn.

Àgbàlagbà kan ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn tó ń tọ́jú, lẹ́yìn wọn nọ́ọ̀sì, lándílọ́ọ̀dù. Kaǹsílọ̀ ló máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ẹ ti sọ èyí fún un nígbà tí ẹ lọ kí i, kó má bàa wọlé wá pé "mo ń sáré lọ síbòmíràn", kó gba máìkì, kó lo ogójì ìṣẹ́jú, kó sì lọ láìgbọ́ nǹkan kan.

Fún ìpinnu, a kò lo nínawọ́ sókè, torí ta ló fẹ́ nawọ́ lòdì sí olóyè? A gbé abọ́ márùn-ún kalẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àbá kan, a ya àwòrán síwájú ẹ̀ fún ẹni tí kò lè kàwé. Olúkúlùkù gba wóró mẹ́ta. Àwọn àgbà àti àwọn tó ń tọ́jú wọn gba ẹ̀wà, àwọn yòókù gba àgbàdo. Nígbà tí a da abọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ hàn kedere: àgbàdo kún abọ́ tí a ya ilé ńlá sí, ìyẹn kí wọ́n kọ́ ilé àwọn arúgbó. Ẹ̀wà kún abọ́ adelé, àti abọ́ yàrá ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan fún bí ìṣẹ́jú kan. Olóyè kan ló ní, "Ó dà bíi pé àwa àti wọn kò jọ ń gbé ilé kan náà."

Tí ẹ bá da wóró pọ̀ sójú kan, tí ẹ kò pààlà sáàárín ẹ̀wà àti àgbàdo, ẹ kò ní rí èyí. Ẹ má sì fipá mú wọn fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ ilé arúgbó. Lójú àwọn kan, ẹ̀tẹ́ ni kí wọ́n gbé ìyá wọn lọ síbẹ̀. Lójú ẹni tí kò bímọ, òun ni àlàáfíà. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Kí wọ́n tó túká, ẹ dá ọmọ ọ̀dọ̀ kan àti ìyá àgbà kan dúró, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé kí la fẹnu kò sí. Tí wọn kò bá lè sọ ọ́, ẹ tún un sọ kí wọ́n tó lọ.

6. Ìwé kan, ohun mẹ́ta

Kí ìwé yín má kọjá ojú ewé kan. Ilà mẹ́rin ni kẹ́ ẹ fà: kí ni, ta ló máa ṣe é, owó ibo, ọjọ́ wo la máa rí i? Àwọn kan kọ ohun mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sínú tiwọn. Ẹni tó gbà á ní kánsù mú èyí tó rọrùn jù, ìyẹn fífi báńà kọ́ lọ́jọ́ àwọn àgbà lágbàáyé. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá lọjọ́ yẹn, ọjọ́ òmìnira tiwa náà sì ni, nítorí náà kò sẹ́ni tó tiẹ̀ rí báńà ọ̀hún.

Ẹ pín in sí ẹni tó ni ín. Ohun tí àdúgbò lè ṣe fúnra rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wà: kí àwọn adelé máa gbà á láàárín ara wọn, kí wọ́n kan irin ìdìmú mọ́ ògiri àtẹ̀gùn, kí ẹbí tó nilé gba yàrá kan padà nísàlẹ̀ nígbà tí owó ṣọ́ọ̀bù bá tó sọ dọ̀tun.

Lẹ́yìn èyí, kánsù. Àwọn oṣìṣẹ́ kan á sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ àgbà kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣí òfin orílẹ̀-èdè 1999 sí Àfikún Kẹrin. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láti dá ibi ìsìnkú sílẹ̀ kí wọ́n sì máa tọ́jú wọn, àti ilé fún àwọn aláìní àti aláìlera. Gbólóhùn kan náà ló wà fún sàréè àti ilé aláìlera. Sàréè nìkan ni wọ́n ń rántí. Àfikún kan náà fún wọn ní ipa nínú ètò ìlera. Kí ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé LCDA kò sí nínú òfin yẹn, 20 tó jẹ́ ti Èkó nínú 774 ló wà níbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ló dá LCDA sílẹ̀ ní 2003. Nítorí náà, ẹ béèrè ta ló ń bójú tó ilé ìwòsàn alábọ́dé yín gan-an kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ ẹni tí ìwé ń lọ bá, kí ìwé má bàa máa rìn láàárín ọ́fíìsì méjì.

Ìpínlẹ̀ ló ni Ilera Eko, ètò ìbánigbófò ìlera tí gómìnà pàṣẹ ní oṣù Keje 2024 pé ó di dandan fún gbogbo olùgbé. Kí ohun tí ẹ máa béèrè níbẹ̀ jẹ́ pàtó: ṣé nọ́ọ̀sì lè wá sílé, ta ló ń san owó rẹ̀? Ti àpapọ̀, òfin kan wà, ti 2017, tó dá National Senior Citizens Centre sílẹ̀, ìyẹn àjọ tó wà fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó dè é.

Yorùbá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi kọ ìwé náà, èyí ni àwọn èèyàn máa fọwọ́ sí. Kánsù máa béèrè ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fún ẹni tí kò sí ní ìpàdé ní ti Gẹ̀ẹ́sì yẹn, kó tú u padà sí Yorùbá fún àwọn obìnrin tó ń tọ́jú. Nínú tiwa, "adelé" ti di ohun tí wọ́n ń pè ní "training workshop". A tún un kọ.

7. Ẹ gbé e lọ

Èèyàn márùn-ún, kí ẹni tó ń tọ́jú arúgbó wà nínú wọn, kó sì jẹ́ òun ló máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀dà méjì: ọ̀kan fún wọn, èkejì ni kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí fún yín. Ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ kò dé ibì kankan.

Ẹ tún lè béèrè iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ìlera àti ìrànlọ́wọ́ àwọn aláìlera nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tó kọjá. Òfin òmìnira láti gba ìròyìn, ti 2011, fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, ẹ má halẹ̀.

8. Ẹ padà sọ́dọ̀ wọn

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, yálà kánsù dáhùn o tàbí kò dáhùn, ẹ gun àtẹ̀gùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilé tí ẹ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn gbọ́dọ̀ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ẹ̀bi wa nìyí lọ́dún àkọ́kọ́: ìwé ti wọlé, a ti ya fọ́tò pẹ̀lú òǹtẹ̀, a lọ sinmi. Nígbà tí a tún fẹ́ kó wọn jọ, wọ́n ní ṣé àwa tí a wá kọ̀wé lọ́jọ́sí náà ni.

Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà: ohun tó ti ṣẹ, ohun tí kò tíì ṣẹ, ẹni tó ń dá a dúró. Ẹni tí kò ríran dáadáa, ẹ kà á sí i létí. Ní ti ìyá alágbọ̀n, òun kì í fẹ́ kí a gòkè wá dààmú. Ó máa ń ní kí a fi ìwé náà sínú agbọ̀n. Ẹ dúró sísàlẹ̀ kó fà á sókè kó wọ gíláàsì rẹ̀, kó kà á tán. Ìgbà tí a fi ti oṣù Kejìlá ránṣẹ́ sí i, agbọ̀n tún sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ti fi báírò fa ilà sí abẹ́ "a ti kan irin mọ́ àtẹ̀gùn", ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Títí dé àjà kejì ni."